Ilé Ọ̀rá Kékeré fún Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti Bí Afẹ́fẹ́ Yóò Ṣe Máa Wọ Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn àgbẹ̀ Mọ́níyà àti agbègbè rẹ̀

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí kì í ṣe tuntun létí àgbẹ̀ kankan ní Mọ́níyà, ní Ìkèrèkú, ní Ìrókò, tàbí ní abúlé yòówù tí ó wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí padà díẹ̀. Ọmọ tí ó yẹ kí ó rọ́pò ìyá kò pọ̀ tó mọ́, àwọn tí ó sì wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gba àrùn ìyá wọn kí a tó yọ wọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí ilẹ̀ hẹ́kítà kan, tí ó fi mítà mẹ́ta sí àárín ìlà kan àti èkejì, tí ó sì fi mítà méjì sí àárín igi kan àti èkejì, yóò wá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó lé ní 1,660. Níbo ni yóò ti rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Igi àgbagbà kì í yára ta ọmọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó máa ń ta ní ọdún kan. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ àna, tí ó ń rà lọ́wọ́ àlejò, títí tí òjò tí ó yẹ kí ó fi gbìn yóò fi kọjá lọ. Èyí tí ó sì rà pàápàá, kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kòkòrò dúdú kan wà tí ìdin rẹ̀ máa ń gbẹ́ inú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Abo kòkòrò náà a máa yé ẹyin sí ìdí igi. Ìdin tí ó bá jáde nínú ẹyin a sì máa jẹ wọ inú lọ. Aràn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí wà pẹ̀lú nínú ilẹ̀, tí ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Lójú òkèèrè, igi náà tutù yọ̀yọ̀. Ó di ọjọ́ tí ìjì òjò bá jà, tí igi sì dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú odidi èso tí kò tíì gbó lórí. Àgbẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjì. Ìjì jẹ̀bi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jẹ gbòǹgbò tán kí ìjì tó dé ni ó jẹ̀bi jù lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ tí a ti kà lé èso yẹn ti bá a lọ, bí a bá sì tún yọ ọmọ ìdí igi kan náà lọ gbìn síbòmíràn, àgbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kòkòrò náà lọ sí oko tuntun.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè sọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan di mẹ́wàá, di ogún, tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn sì lè sọ ọ́ di jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń pè ní CARBAP ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA pẹ̀lú, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, tí àwọn ará Mọ́níyà sì ń kọjá níwájú ọgbà rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, ti fi kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ni apá kan rẹ̀. Apá kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà, ni ilé kékeré tí a máa ń fi ọ̀rá funfun bò, tí a máa ń kó ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí títí wọn yóò fi hù. Ilé yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì gbáà ni ó jẹ́ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1829, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nathaniel Ward fi ilẹ̀ tútù sínú ìgò, ó sì dé e pa, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tí kòkòrò kan yóò dà. Kàkà kí ó jẹ́ kòkòrò ni ó gbàfiyèsí rẹ̀, ewéko kéékèèké ni ó rí tí wọ́n ń hù nínú ìgò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bomi rin wọ́n. Omi a máa gòkè ní ọ̀sán, a kán sí ara ìgò, a sì tún sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí gíláàsì fún ohun ọ̀gbìn, ìgbà tí ó sì ṣe, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni a fi ń kó irúgbìn la òkun kọjá. Ṣáájú àkókò yẹn, iyọ̀ òkun àti afẹ́fẹ́ ni ó máa ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ní Chatsworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùtọ́jú ọgbà kan tí ń jẹ́ Joseph Paxton mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ so èso nínú ilé gíláàsì ní nǹkan bí ọdún 1835, ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń pa ewé. Míṣọ́nnárì John Williams sì fi àpótí Ward gbé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ sí erékùṣù Samoa ní nǹkan bí ọdún 1839. Cavendish ni a sọ irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, nítorí orúkọ ìdílé tí ó ni ọgbà náà, irú rẹ̀ ni ó sì kún ọjà òkè-òkun lónìí.

Gíláàsì wọ́n, ó sì ń fọ́. Ọ̀rá ṣe é lò. Bí ilé gíláàsì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ilé ọ̀rá náà ń ṣiṣẹ́, ohun kan náà ni ó sì máa ń pa irúgbìn nínú méjèèjì, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà.

Ìyá tí ń ta obì mọ ọgbọ́n yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, ó da obì sí i, ó sì tún fi ewé bò ó. Bí ó bá fi obì sílẹ̀ láìbò, ọyẹ́ yóò gbẹ ẹ́, yóò sì fún pọ̀. Bí ó bá sì dì í pinpin láìtú u wò, obì yóò làágùn, yóò bu, yóò sì rà. Nítorí náà a máa tú u lóòrèkóòrè, a ṣa èyí tí ó ti ń bàjẹ́ kúrò, a pààrọ̀ ewé, a sì tún bò ó. Ohun tí ilé ọ̀rá ń béèrè gan-an nìyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé oòrùn kì í wọ inú agbọ̀n obì, ṣùgbọ́n ó ń wọ inú ilé ọ̀rá, ewu tibẹ̀ sì yára púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni obì fi ń bàjẹ́. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọ̀rá lè jóná láti agogo méjìlá ọ̀sán sí agogo mẹ́ta ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa la ọ̀rá kọjá wọlé. Bí ó bá ti kan èérún pákó àti ewé, a di ooru, ooru yìí a sì mú afẹ́fẹ́ inú ilé gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò rí ibi gbà jáde kí ó lọ dàpọ̀ mọ́ ti ìta, nítorí náà a máa kó ara jọ síbẹ̀. Omi inú èérún pákó pẹ̀lú a máa gòkè bí oru inú ìkòkò, a kán sí ara ọ̀rá, gẹ́gẹ́ bí ọmọrí ìkòkò ṣe máa ń làágùn. Ooru àti ọ̀rinrin yìí ni ó ń jí ojú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó sùn. Bí kò bá sí wọn, kò sí ìdí tí à bá fi kọ́ ilé náà. Ṣùgbọ́n ewé tí ó bá ti yọ kò lè fara da ohun tí ìdí tí a bò mọ́lẹ̀ lè fara dà. Ìdí abájọ nìyí tí ilé yìí fi gbọ́dọ̀ wà ní títì ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì wà ní ṣíṣí bí ọjọ́ ti ń lọ, ẹni tí kò bá sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun yí ọwọ́ padà ni ó máa ń sọ pé irọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń pa.

Ibi tí a óò kọ́ ilé sí ni ó ṣáájú. Kò gbọdọ̀ wà ní gbangba oòrùn. Kí àgbẹ̀ ta àtíbàbà, kí ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún ọmọ kòkó, kí oòrùn lè máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò ní ààyè lẹ́yìn ilé lè lo ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀. Inú yàrá tí ó ṣókùnkùn kò dára rárá: ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò hù níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò funfun, yóò ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tí àìsàn ń ṣe, ọjọ́ tí a bá sì gbé e jáde ni yóò tẹ̀. Ọ̀rá dúdú kò ṣe é fi bo ilé náà nítorí ìdí kan náà. Kí ibi náà sún mọ́ omi pẹ̀lú, kí ó sì jìnnà sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti ní àrùn.

Ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tó fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ kò ní tó àárín rẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn wọ inú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ yóò tẹ ohun tí ó gbìn. Búlọ́ọ̀kù ìlà méjì tàbí pákó ni a óò fi ṣe ògiri ìsàlẹ̀. A óò tẹ́ ọ̀rá tí a ti dá ihò sí lára sí ìsàlẹ̀, kí èérún pákó má bàa kan ilẹ̀ níbi tí aràn wà, kí omi tí ó bá pọ̀ jù sì lè rí ihò jáde. Lórí ògiri yìí ni a óò gbé férémù ọparun tàbí igi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lé. Iwájú ilé yóò ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, ẹ̀yìn yóò ga ní mẹ́rin àbọ̀, kí òrùlé lè dà síwájú. Dídà yìí kì í ṣe fún ẹwà. Bí òrùlé bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi tí ó bá kán sí ara ọ̀rá yóò máa jábọ́ sí orí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ojú kan náà lójoojúmọ́, ojú ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá dà, omi yóò ṣàn tẹ̀lé ara ọ̀rá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kí a gé gbogbo ẹnu ọparun kí ó jọ̀lọ̀, nítorí ọ̀rá kì í dárí ji ohun tí ó bá mú.

Fèrèsé ni ó kù, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ jù lọ. Fèrèsé kan ṣoṣo kò tó, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, a máa gòkè bí èéfín. Bí ó bá rí ọ̀nà lókè, yóò jáde. Bí ó bá sì ti ń jáde, òmíràn tí ó tutù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gba ìsàlẹ̀ wọlé kí ó lè gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí òkè nìkan, afẹ́fẹ́ inú ilé rẹ̀ kò ní rìn dáadáa. Ẹni tí ó bá ṣí ìsàlẹ̀ nìkan, ooru yóò jókòó sí abẹ́ òrùlé, níbi tí orí ewé wà gan-an. Àwọn tí ó kọ́ ilé alámọ̀ láyé àtijọ́ tí wọ́n fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n sì dá ẹnu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nítorí náà kí a dá fèrèsé kan sí iwájú, nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè sí èérún pákó: gíga rẹ̀ íńṣì mẹ́fà, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kí a dá èkejì sí ẹ̀yìn, lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé, kí ó sì tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀. Kí a fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú méjèèjì, nítorí ìrẹ̀, tata àti aláǹgbá. Ti adìẹ àti ewúrẹ́, ọgbà tí ó yí gbogbo ilé ká nìkan ni ó lè gbà wọ́n. Ọ̀rá tí a fi dí fèrèsé kí ó jẹ́ èyí tí a kàn mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a lè ká sókè bí ẹní, tí a sì lè tú sílẹ̀ bí òjò bá dé.

Ojú tí ilé kọ sí ṣe pàtàkì. Ní àkókò òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá sí ilẹ̀ Ìbàdàn. Nítorí náà ìhà ibẹ̀ ni kí fèrèsé ìsàlẹ̀ kọjú sí. Ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, kò sì ní omi lára. Ìjì líle ìbẹ̀rẹ̀ òjò pẹ̀lú, ìhà ìlà-oòrùn ni ó ti máa ń yọ. Kí a fi ìṣó àti pákó pẹlẹbẹ kan ọ̀rá mọ́ra dáadáa ní ìhà yẹn, kí a sì má ṣe gbàgbé láti tú fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ bí ojú ọ̀run bá ṣú.

A óò da èérún pákó sínú ilé náà títí yóò fi jìn tó íńṣì mẹ́jọ. Kò wọ́n ní ibi tí a ti ń la pákó. Ẹni tí ó bá lọ sí Bódìjà mọ òkìtì rẹ̀. Ti igi funfun bí arère ni ó dára. Ti igi pupa tí omi rẹ̀ korò kò dára fún ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, bẹ́ẹ̀ ni ti pákó tí a ti fi oògùn ikán pa. Kí a kọ́kọ́ sè é nínú àgbá lórí iná fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ohun tí ó wà láàyè nínú rẹ̀ kú, kí a sì jẹ́ kí ó tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fo iṣẹ́ yìí nítorí igi ìdáná. Àwọn náà ni ó máa ń rí olú nínú ilé wọn kí wọ́n tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí ilé bá ti dúró, iṣẹ́ ọ̀bẹ yóò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ewé rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni a óò yọ, lára igi tí ó lágbára tí ó sì so dáadáa. A óò fọ̀ ọ́, a óò gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, a óò sì fá ara ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun. Bí a bá rí ojú ọ̀nà dúdú tí ìdin ti jẹ gba inú rẹ̀, kí a fá a kúrò. Bí ó bá pọ̀ jù, kí a sọ ọ́ nù láìkáàánú. Lẹ́yìn náà a óò ri ìdí náà bọ omi tí ń hó fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ọgbọ̀n ní ìrọ̀rùn tó fún èyí. Aràn àti ẹyin kòkòrò tí ó wà lára rẹ̀ yóò kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sì ní jinná.

Bí ó bá ti tutù, a óò máa ṣí èèpo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò máa gé e sókè díẹ̀ sí ibi tí ó ti so mọ́ ìdí, kí ojú tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀ lè hàn láìfarapa. A óò ṣe bẹ́ẹ̀ títí a óò fi dé ọkàn rẹ̀. Ọkàn yìí ni ọba tí kì í jẹ́ kí ìjòyè sọ̀rọ̀: níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè, àwọn ojú yòókù yóò máa sùn. A óò fi ẹnu ọ̀bẹ gé e ní ìkọ́ra bí àmì àgbélébùú, kí ó má jìn púpọ̀. Kí ọ̀bẹ mọ́, kí a sì máa fi iná jó ẹnu rẹ̀ bí a bá fẹ́ bọ́ sórí òmíràn. A óò tẹ́ gbogbo ìdí náà síbi ìbòòji fún ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ wọn gbẹ, kí a tó tò wọ́n sínú èérún pákó, kí a sì fi èérún pákó bò wọ́n ní ìwọ̀n íńṣì kan àbọ̀. Ilé tí a sọ yìí yóò gba nǹkan bí ogójì.

Láti ọjọ́ náà lọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí fèrèsé méjèèjì wà ní títì. Kò sí ewé tí yóò jóná. Ooru ni ojú ìdí ń fẹ́. Ìgbà tí a bá fẹ́ bomi rin ín nìkan ni a óò ṣí i. Mélòó ni omi náà? Kí àgbẹ̀ bu èérún pákó ní ẹ̀kúnwọ́, kí ó sì fún un. Bí omi bá ń kán láàárín ìka rẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá tú ká bí gaàrí, kò tó. Bí ó bá dì mọ́ra tí kò sì kán, ó dọ́gba.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ṣóńṣó àwọ̀ ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọjọ́ yìí ni àyípadà dé. Kí a ṣí fèrèsé òkè ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí oòrùn bá mú, kí a ṣí ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú láti agogo mọ́kànlá títí di agogo mẹ́rin. Kí a sì ti méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru kí ó gbé e kọ́ sínú ilé ní ibi tí oòrùn kì í ràn sí: bí ó bá wà láàárín 28 sí 35, ara dẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ó bá ti súnmọ́ 40, kí ó yára ṣí i, kí ó sì fi imọ̀ kún àtíbàbà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ní ọwọ́ àti imú. Kí ó ti apá bọ inú ilé títí dé ìgúnpá, kí ó sì ka ọgọ́ta: ibi tí apá rẹ̀ kò bá ti lè gbé pẹ́, ewé pẹ̀lú kò lè gbé ibẹ̀. Bí ó bá gbọ́ òórùn bí ti ẹ̀kọ tí ó kan, afẹ́fẹ́ kò rìn tó, omi sì pọ̀. Bí ọ̀rá bá gbẹ láìsí ẹyọ omi kan lára rẹ̀ ní òwúrọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ilé náà. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá le, kí a má ṣí ti ìsàlẹ̀ ní gbangba. Kí a ta àpò ìdọ̀họ tí a ti rì bọ omi sí ojú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gba ara rẹ̀ wọlé.

Bí ọmọ bá ti ní ewé mẹ́ta sí márùn-ún, tí ó sì ní gbòǹgbò tirẹ̀, a óò fi ọ̀bẹ yà á kúrò lára ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Ọmọ tí a óò já lẹ́nu ọmú, a kì í já a ní ọjọ́ kan. Inú àpò ọ̀rá dúdú irú èyí tí a fi ń gbin kòkó ni a óò gbé e sí, pẹ̀lú ilẹ̀ẹ́dú àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa, lábẹ́ ìbòòji, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a óò sì máa dín ìbòòji náà kù títí oòrùn yóò fi di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá tí ó kù nínú èérún pákó yóò tún máa ta òmíràn, nítorí náà kí a má ṣe yára tú ilé ká.

Ohun kan wà tí ilé yìí kò lè ṣe, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò. Àrùn kan wà tí ń mú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrú, kí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n sì dúró ṣánṣán pọ̀ sókè bí ìgbálẹ̀ tí a dojú rẹ̀ kọ òkè, pẹ̀lú ilà aláwọ̀ ewé dúdú wẹ́wẹ́ lára igi ewé. Igi tí ó bá mú ní kékeré kì í so. A rí i ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2011, a sì rí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 2012; Ògùn kò sì jìnnà sí Ìbàdàn. Kòkòrò dúdú kéékèèké tí ń fa omi ewé ni ó ń gbé e kiri, ọmọ tí a yọ lára igi tí ó ní i pẹ̀lú a sì máa gbé e dé ibi tí kòkòrò kò lè fò dé. Omi gbígbóná kì í pa á, nítorí inú ara igi ni ó wà. Ẹni tí ó bá kó ìdí igi bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo sínú ilé ọ̀rá yóò kó ogún jáde, yóò sì tà wọ́n fún aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí a óò yọ ọmọ, ewé ìyá ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Bí a bá rí àmì yìí, kí a má yọ ohunkóhun níbẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè náà.

Ní ti àkókò, ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ní oṣù Òkúdù, tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ilé rẹ̀ ti dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé. Bí ìdí ogójì bá fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, 600 nìyẹn. Ilé mẹ́ta irú rẹ̀ yóò kún hẹ́kítà kan, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀ láti fi dípò èyí tí ó bá kú. Ìdílé mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ ṣe é, kí wọ́n máa pín ìṣọ́ fèrèsé láàárín ara wọn ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá lọ sí ọjà tàbí òde òkú. Fèrèsé kò mọ ọjọ́ òde.

Nígbà tí a bá kó ọmọ ìkẹyìn jáde, kí a kó èérún pákó náà lọ sórí ààtàn kí ó jẹrà. Kò gbọdọ̀ wọ inú ilé ọ̀rá lẹ́ẹ̀kejì. Oòrùn ni ó máa ń gbó ọ̀rá ju iṣẹ́ lọ. Kí a tú u, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ewédò tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, kí a sá a gbẹ níbi ìbòòji, kí a ká a, kí a sì gbé e sí àjà títí di oṣù Èrèlé tí ń bọ̀.